Ohun Tí Ẹkúndayọ̀ Kọ Nípa Orúnkún Ọmọ Mosúnmọ́lá

Bí ẹ bá bi àwọn ará Alief, àdúgbò kan ní Houston, pé iṣẹ́ wo ni Ẹkúndayọ̀ ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó ń wo bọ́ọ̀lù." Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta ni wọ́n ń sanwó fún pé kó jókòó máa wo bọ́ọ̀lù? Àmọ́ òótọ́ ni. Ẹnjinníà ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ epo rọ̀bì ló bá wá sí Houston ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó ga gògòrò, ó sì gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo dá a dúró, ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì kan ní ìlú mìíràn gbà á síṣẹ́: kó máa wo àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì káàkiri Texas, kó kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tó lè fi í jẹun àti èyí tí kò lè fi í jẹun. Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ olówó á jókòó, wọ́n á pe orúkọ àwọn ọmọ bí ọgọ́ta tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Dírááfù ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, ayé ẹ̀ ti yí padà nìyẹn, ti ìyá ẹ̀ náà sì ti yí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, Ẹkúndayọ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kì í wo ọmọ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìyẹn mọ̀ pé wọ́n ń wo òun," ló máa ń sọ fún Rónkẹ́, ìyàwó ẹ̀. "Ìgbà tó bá ń gun bọ́ọ̀sì lọ sílé ni kó o wò ó." Bí eré bá parí, á lọ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ nítòsí bọ́ọ̀sì wọn, á máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Ó ti mú ọmọ kan báyìí rí tó ń fi ẹ̀yìn dídùn pamọ́, kìkì nítorí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé báàgì. Cornelius, ọ̀gá ẹ̀, òyìnbó tí kì í yinni bọ̀rọ̀, yìn ín lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fọwọ́ sọ̀yà fún ọmọ Nàìjíríà kan. Wọ́n mú ọmọ náà, ọmọ náà ò sì lè ṣe nǹkan kan. Ní ìpàdé, Cornelius rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dayọ̀, ìwọ àtàwọn èèyàn ẹ!" Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, àmọ́ ó gún Ẹkúndayọ̀ lọ́kàn bí ẹ̀gún, kò sì yọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí orúkọ Yorùbá lẹ́yìn aṣọ ọmọ kan, ojú ẹ̀ á le koko.

Ìgbà yẹn ni Olúwajùwọ́n wá yọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Mosúnmọ́lá bí ni, opó tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, tó sì ń gbé ní apátímẹ́ǹtì ní Brays Oaks. Ẹkúndayọ̀ wo ọmọ náà nígbà mẹ́rìnlá. Ó wò ó, wò ó, kò rí ibi tí yóò ti bù ú kù. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n á kọ́kọ́ pè, àmọ́ kí wọ́n tó pe ọgọ́ta tán, ẹnì kan á pè é. Cornelius pàápàá ti ní kí ọmọ náà wá fara hàn lọ́dọ̀ àwọn.

Ọjọ́ ìkómọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Alief ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mosúnmọ́lá rí Ẹkúndayọ̀ níbẹ̀, ó pariwo, "Bọ̀dá Dayọ̀! Olúwajùwọ́n, wá kí Daddy!" Ọmọ náà jáde tòun ti sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bí ní Houston ló ń dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀. Ẹlòmíì á ní ìyá tó kọ́ ọmọ yìí kọ́ ọ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni wa ò rí ẹ̀kọ́ o! Ohun tó rí ni pé ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì balẹ̀ ná, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn kí orúnkún má baà kanlẹ̀. Nígbà tó ń dìde, ó fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ojú ẹ̀ sì fún pọ̀.

Ẹ bá mi bi í, kí ló dé tí kò bèèrè? "Jùwọ́n, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?" Gbólóhùn kan péré! Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé ẹbí ló ń bèèrè irú ìyẹn, òun kì í ṣe ẹbí, ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Lẹ́nu iṣẹ́, níbi ìkómọ! Ó ní, "Ọmọ dáadáa," ó gba oúnjẹ, ó sì gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Cornelius: *Orúnkún ọ̀tún ò dá. Ó ń fi pamọ́.* Cornelius dáhùn pé, "Ojú ẹ mú, Dayọ̀," ó sì yọ orúkọ ọmọ náà kúrò. Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n bá kọ ní ilé kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ilé kejì. Àwọn ẹgbẹ́ méjì mìíràn tó ń pe ọmọ náà lórí fóònù dákẹ́ lójijì. Kí n má purọ́ fún yín, inú Ẹkúndayọ̀ dùn díẹ̀. Ta ló tún fẹ́ sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn ọmọ ilé?

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí dírááfù pé nígbà tó pàdé Mosúnmọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan, níbi tó ti ń ṣa ẹja gbígbẹ.

"Bọ̀dá Dayọ̀, àdúrà ń gbà o!" ló wí. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún lèmi àti ọmọ yín fi wà lórí eékún, lórí símẹ́ǹtì, láìtẹ́ nǹkan kan. Orúnkún ẹ̀ ọ̀tún bó! Mo ní kó dúró, ó ní, 'Mummy, let's finish it.' Ọjọ́ ìkómọ tí ẹ wá yẹn gan-an la parí ẹ̀. Òrí ni mo fi pa á, ọjọ́ mẹ́ta ló jinná." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin gan-an la fi sínú àdúrà náà jù, pé kí ojú yín rí ọmọ náà sí rere."

Ẹkúndayọ̀ ò mọ bó ṣe dé inú mọ́tò ẹ̀. Oòrùn ń pa á níbẹ̀, kò tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ó pe Cornelius.

"Dayọ̀, kí ló dé?"

Kí ló fẹ́ wí? Pé ìyá ọmọ náà ló sọ fún òun nídìí ẹja pé àdúrà ló bó ọmọ òun lórúnkún? Ọkùnrin yẹn á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìwọ àtàwọn èèyàn ẹ." Ó bi í nípa ọmọ mìíràn kan ní San Antonio, ó sì pa fóònù.

Nọ́ọ̀sì ni Rónkẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré nígbà tó gbọ́. "Bàbá Tọ́mi, ẹ pe ọkùnrin yẹn padà."

"Tó bá di ọ̀la."

"Awọ tó bó lásán lẹ fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún yìí?"

"Mo ní tó bá di ọ̀la, Rónkẹ́!"

Ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tó ku ọ̀la kí dírááfù pé, ó kọ ìlà méjì sí Cornelius, ó kà á, ó pa á rẹ́ láì fi ránṣẹ́. Ọkùnrin tó ga tó yẹn, ẹ̀rù ẹ̀fẹ̀ ló ń bà á.

Ìrọ̀lẹ́ dírááfù, òun àti Rónkẹ́ jókòó sílé wọn ní Cinco Ranch. Wọ́n ń pe orúkọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé àádọ́ta, Rónkẹ́ dìde, ó wọ kíṣìnnì, kò padà wá mọ́. Wọ́n pè é tán. Kò sí Olúwajùwọ́n níbẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹkúndayọ̀ bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà fúnra ẹ̀ pè é. "Daddy, good afternoon sir. Mummy said ẹ gbìyànjú gan-an for me. Ẹ ṣé sir. Ẹ jọ̀ọ́, tell me the truth. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? I want to fix it."

Ọlọ́run ló tún ṣílẹ̀kùn yẹn fún un. Ó la ẹnu, ojú tì í, ohun tó sì jáde ni, "Ọwọ́ òsì ẹ. Ọwọ́ òsì ẹ ò lágbára tó." Ọwọ́ tí òun fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá pé kò lábùkù!

"Yes sir. Màá ṣe é, sir."

Ní báyìí, ó ti pé oṣù márùn-ún. Láràárọ̀, kí Olúwajùwọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ ẹrù kíkó tó rí, á de ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀yìn, á máa fi òsì nìkan ju bọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀yìn apátímẹ́ǹtì wọn. Ìyá ẹ̀ á yà á ní fídíò, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp: "Bọ̀dá Dayọ̀, ẹ wo ọmọ yín. Ó ń gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu." Ẹkúndayọ̀ máa ń wo gbogbo ẹ̀ tán pátá. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọ ọ́ padà sí i pé, "Ó ti ń dára sí i."