Ahọ́n Tí Ilé Wa Ń Yá Nígbà Ààwẹ̀

Ní ilé tí mo gbé ní Ṣàngó, Ìlọrin, ipò kan wà tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan: ipò atọ́bẹ̀wò. Èmi ni mo wà níbẹ̀ fún ààwẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mùsùlùmí ni ìyá onílé wa àti èyí tó pọ̀ nínú àwọn ayálégbé. Èmi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, Kirisitẹni ni mí. Bí ààwẹ̀ bá dé, tí oúnjẹ ìṣínu wà lórí iná, ẹni tó ń sè é kò lè mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Àwọn kan máa ń fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, wọ́n á sì tutọ́ ẹ̀ dànù. Ìyá onílé wa ní àwọn kì í bá ààwẹ̀ ná ọjà. Àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́? Wọ́n ní kò sóhun tí kì í dùn lẹ́nu ọmọdé. Nítorí náà, bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pè mí pé, "Tíṣà, mú ọwọ́ wá." Màá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á kán ọbẹ̀ sí i, màá lá a, gbogbo ilé ìdáná á dákẹ́.

Ká má parọ́, mo fẹ́ràn ìdákẹ́ yẹn ju ọbẹ̀ náà lọ. Kí n tó di atọ́bẹ̀wò, "ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn" ni wọ́n ń pè mí nínú ilé yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ní àpótí tèmi nínú ilé ìdáná, ìyá onílé sì ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í bá àbúrò wọn sọ. Mo wá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Màá dijú, màá mí kanlẹ̀, màá wá sọ pé, "Ó ku ṣíún." Kirisitẹni kan tún wà ní yàrá iwájú, télọ̀ ni, ó fẹ́ràn ipò náà bí ojú. Èmi a máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó ń bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sínú tíì, kí ló mọ̀ nípa iyọ̀.

Ọdún kan wá wà láàárín àwọn ọdún 1990 tí ààwẹ̀ bọ́ sínú ọyẹ́. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fìnkìn dá mi gúnlẹ̀, tòun ti ibà àti ikọ́. Nọ́ọ̀sì tó wò mí ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé kò ní oògùn, kí n máa mu omi kí n sì sùn. Mo mu omi, mo sùn, ara mi yá. Ní àárọ̀ tí mo dìde, mo fẹ́ tan sítóòfù, kẹrosíìnì dà sí mi lọ́wọ́, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo jẹ àkàrà, bí ẹni jẹ bébà tó rin omi ni. Mo wá ṣí igbá irú, mo ki imú bọ̀ ọ́. Irú tí ará ilé kejì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, èmi ò gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Kì í ṣe tìtorí oúnjẹ. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta ni.

Ẹni tó lórí á ti sọ fún ìyá onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́; èmi náà sì mọ òwe yìí, mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, télọ̀ ló máa jókòó sórí àpótí mi. Mo dákẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, mo lá àtẹ́lẹwọ́ mi: ó gbóná, ó rin, ó parí. Ṣùgbọ́n mo ti tètè wọ ilé ìdáná, mo ti ka iye ìgbà tí ìyá onílé bu iyọ̀. Mo dijú, mo ní, "Ó péye." Ó sì péye lóòótọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. N kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe ní ìdí ààrò.

Ọjọ́ kejìlá ààwẹ̀ ni ọwọ́ pálábá mi ségi. Ìyá onílé ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ó ní àfẹ́sọ́nà, àwọn òbí ọkùnrin náà sì ń bọ̀ láti àdúgbò Adéwọlé wá bá wa ṣínu. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń bọ̀ wá tọ́ wò. Wọ́n ní ìyá ọkọ yìí ti tìtorí ọbẹ̀ kọ ẹnìkan rí. Lọ́jọ́ náà, ìpàdé dá mi dúró níléèwé. Kí n tó dé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n gé wàrà Fúlàní sí ti ń hó, n kò sì rí ìgbà tí wọ́n bu iyọ̀ sí i. Ọmọ náà sáré wá bá mi tòun ti ṣíbí. "Àǹtí Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Mo lá a. Òfo. Mo rò ó pé láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, n kò rí àléébù kankan. Atọ́bẹ̀wò tí kì í rí àléébù, wọ́n á fura sí i. Mo dijú. Mo ní, "Ó ku ṣíún." Ó bu iyọ̀ sí i. Mo tún lá a, mo ní kó fi díẹ̀ sí i. Títí dòní, n kò mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Wọ́n pe ìrun, àwọn àlejò fi èso dàbínù, ògì àti àkàrà ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n wá kọjú sí túwó àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Bàbá ọkọ gbé òkèlè kan mì, wọ́n mu omi. Wọ́n gbé ìkejì, wọ́n tún mu omi. Ìyá ọkọ nu ọwọ́ wọn, wọ́n sì rọra bèèrè pé, "Ọmọ wa, ṣé inú òkun lo ti pọn omi ọbẹ̀ yìí ni?"

Gbogbo pálọ̀ dákẹ́, ìdákẹ́ yìí kì í sì í ṣe irú èyí tí mo fẹ́ràn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dorí kodò. Ó mọ ẹni tó ní kó bu iyọ̀. Ì bá ti dárúkọ mi, kó bọ́. Kò dá a. Ohun tó dùn mí nìyẹn, ó dùn mí wọnú eegun. Àìmẹ́nu, àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo kó o bá.

Mo ṣí kọ́tìnì, mo kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ má bínú. Kì í ṣe òun, èmi ni. Àìsàn ti gba ẹnu mi, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, n kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí omi. Ó bi mí, mo sì ní kó bu iyọ̀ sí i."

Ìyá ọkọ wò mí títí. "Ìwọ ni atọ́bẹ̀wò wọn?"

"Èmi ni, mà."

"Ahọ́n ti kú, o sì jókòó lé e lórí."

Bàbá ọkọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nílé tiwọn náà, Kirisitẹni kan ló ń bá wọn tọ́ ọbẹ̀ wò, pé báwọn bá délé, àwọn á kọ́kọ́ fún un ní ṣúgà lá. Ìyá ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ọmọbìnrin náà dìde, wọ́n ní kó lọ gbé àkàrà tó bá ṣẹ́kù wá, kó sì wá jókòó ti àwọn. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́.

Ìyá onílé kò bá mi wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní yàrá mi, mo gbọ́ ọ: "Télọ̀, mú ọwọ́ wá." Ó tọ́ sí mi, ó sì dùn mí. Mo gbọ́ pé télọ̀ ń bẹ̀rù kó má ṣe bíi tèmi. Kí wọ́n tó bu iyọ̀ tán, á ní ó ti tó. Gbogbo ilé ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ títí ààwẹ̀ fi parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìtúnu, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ni òórùn kan wọ imú mi: wàrà tí wọ́n ń dín. Mo rò pé àlá ni. Mo sáré lọ ṣí igbá irú, òórùn rẹ̀ kọlù mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí irú. Ẹ wá wo ọjọ́ tí ahọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́: ọjọ́ tí gbogbo ilé gba ẹnu wọn padà, tí kò sẹ́ni tó tún nílò tèmi.

Mo lọ kí ìyá onílé kú ọdún. Wọ́n wà nídìí ìkòkò, wọ́n ń jẹ ẹran bí wọ́n ṣe ń ro ọbẹ̀.

"Ìyá, ahọ́n mi ti dé."

"Kú àbọ̀ ẹ̀." Wọ́n gbé ṣíbí sókè. "Mú ọwọ́ wá."

"Ẹ̀yin náà lè tọ́ ọ wò lónìí."

"Mo ní mú ọwọ́ wá."

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò dijú. Mo lá a: ata wà níbẹ̀, irú wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Iyọ̀ kò sí rárá. Ẹ̀rù bà mí. Ta ni mí tí màá tún sọ̀rọ̀ iyọ̀ nínú ilé yẹn?

"Ìyá, ẹ ò bu iyọ̀ sí i."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ wò ó bóyá wàá sọ ọ́ ni."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpótí mi sọ́dọ̀ mi.