Òdòdó Tó Ń Fa Òjé

Ogún ọdún ni Bàbá Oníbátìrì fi da omi bátìrì sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Wọ́n á gbé bátìrì ọkọ̀ tó ti kú wá, á là á, á yọ òjé inú rẹ̀, á da omi rẹ̀ sílẹ̀, á máa súfèé lọ. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Irọ́ ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni eérú tọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ń jókòó ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀ yẹn látàárọ̀. Dókítà ní òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n sọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ Bàbá, gbé e lọ, ó ní àwọn ò ní tẹ ilé náà mọ́ àfi tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá mọ́.

Bàbá pa iṣẹ́ tì. Obìnrin kan tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ìjọba, tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kó gbin òdòdó oòrùn, pé gbòǹgbò rẹ̀ á máa fa òjé sínú igi àti ewé díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi gbìn ín. Á bomi rin ín, á máa fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dà rú. Ó ní orí tiwọn tó pé, kí ni wọ́n ti fi ṣe? Ọdọọdún ló ń pe ọmọ rẹ̀: "Ó ti ga jù mí lọ o. Ó kù díẹ̀."

Nígbà tó yá, obìnrin ìjọba náà wá bu yẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó mú ìwé dé.

"Bàbá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Àwọn igi tí ẹ gé ńkọ́? Ibo lẹ kó wọn sí?"

Inú Bàbá dùn sí ìbéèrè yìí. "Mo gé wọn wẹ́wẹ́, mo fi ọkọ́ rì wọ́n padà sínú ilẹ̀. Ajílẹ̀ tó dáa ni. Ẹyọ kan ò sọnù."

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí. "Inú igi yẹn ni òjé wà, Bàbá. Mo ní kí ẹ dì wọ́n sápò, ká wá kó wọn lọ."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Bóyá kò sọ ọ́ lóòótọ́, bóyá ó sọ ọ́ tí etí Bàbá ò gbé e. Ta ló fẹ́ dá irú ẹjọ́ yẹn?

"Tí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ogún ọdún. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ pè. "Bàbá, kí ni ìwé wí? Ọmọ-ọmọ yín ò jẹ́ n gbádùn, ó ń bi mí pé ìgbà wo la máa wá. Mo ti ń di ẹrù wa."

Bàbá mọ̀ pé bí òun bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wọn á dé lọ́la. Ó wù ú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

"Tú ẹrù yẹn, ọmọ mi," ló wí. "Ẹ má wá."