Asẹ́ Ògì Tó Gbé Lọ́ọ̀rì Mi Dé Ìdí-Osè

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́ rẹ̀: èmi Bàbá Sikirú, tí mo ti ń wa lọ́ọ̀rì láti ìgbà tí Ìgándò ṣì jẹ́ igbó, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ fíltà ọkọ̀ mi. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a sórí ògiri. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó bá ti dọ̀tí, omi ni. Ìyá mi kì í jẹ́ ká sùn ti àwo ẹlẹ́gbin. Fíltà náà sì dọ̀tí. Ohun tí mi ò rò ni pé ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Òun ni asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tí kì í jẹ́ kí eruku wọlé lọ jẹ irin inú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ fọ́ganáísà kan l'Ẹ́gbẹ́dá, pé kó fi ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà bá mi fẹ́ omi tó kù lára rẹ̀ dànù, ìwé náà ya fàà, ihò tó gba ìka mẹ́ta. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wojú mi.

"Bàbá, àbí ẹ fọ ìwé ni?"

Mo ní kó fún mi ní nǹkan mi jàre. Ọjọ́ Àìkú ni, àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ti tì, mo sì ti ṣèlérí fún Ìyá Ológì pé ọjọ́ Ajé ni n óò gbé e lọ sílé. Mo dá fíltà padà sínú ọkọ̀ tòun ti ihò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kírun àsùbáà tán, mo ṣáná sí ọkọ̀. Ó dún kíkankíkan, ọkàn mi balẹ̀. Ìyá Ológì ti jókòó ti ẹrù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà n'Íkòtún. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni màmá yìí fi ta ògì níbẹ̀, owó ògì ló sì fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Ìdí-Osè, abúlé rẹ̀ lẹ́yìn Igbó-Ọrà. Búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Ọjọ́ náà gan-an ló ń kó wọ ilé ọ̀hún. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé kí àdúgbò pàdé òun nírọ̀lẹ́, ẹ̀kọ gbígbóná láti ọwọ́ òun ni wọn óò fi ṣílé. Àgbàdo tó ti rẹ, tó sì ti lọ̀, wà nínú ike ńlá méjì. Sísẹ́ ló kù. Asẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun báláú kan, wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀. Mo nawọ́ pé kí n bá a gbé e sẹ́yìn.

"Ẹrù ni kí o gbé, Bàbá Sikirú," ló wí. "Asẹ́ mi, èmi ni n óò gbé e."

A gba Ìdìmú àti Ẹ̀gbẹ́dá, a já sí Ìyànà-Ìpájà, a sì kọjá Sángo kí oòrùn tó mú. Ní Ìtòrì, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ẹyọ kan, ó sì sanra. N'Íkòtún, ẹgbẹ̀rin ni wọ́n ń ta èyí tó tín-ín-rín bí ìka. Mo jẹ méjì, mo tún ra ẹ̀kẹta. Ìyá Ológì ń wò mí.

"Ìwọ ń jẹun dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ rẹ ń wúkọ́."

"Ọyẹ́ ni, Màmá."

Irọ́ ni mo pa. A ò tíì dé Abẹ́òkúta nígbà náà, mo ti ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lórí títì ọlọ́dà, ó ṣì ń gbìyànjú. Àfi ìgbà tí a kúrò ní Igbó-Ọrà tí ọ̀dà tán, tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Eruku gbáà! Ọ̀kadà kan ṣoṣo kọjá níwájú wa, a ò rí ọ̀nà mọ́ títí tí mo fi ka méjìlá. Lọ́ọ̀rì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, èéfín dúdú ń jáde, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan sì dá a dúró. Kìlómítà mẹ́rìnlá ló kù.

Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Apá kan ìwé náà ti wó lulẹ̀ dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, apá kejì ti là gbayawu fún eruku. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọdún tó kọjá ni mo tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe láti ìsàlẹ̀ dókè. Òun ni oko mi, òun ni ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì lókun òmíràn mọ́. Bí mo bá wà á lọ báyìí, eruku á jẹ ẹ́ tán kí n tó dé. Bí mo bá sì dúró, àwọn èèyàn á pé sẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, onílé ò ní yọjú.

Ọdẹ méjì bọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n kí wa, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. N'Ígándò, kí n tó ṣí ìdérí tán, ọ̀gá mẹ́kánìkì mẹ́fà ni ìbá ti yọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àrùn tó lóun rí lára ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí kàn bá wa jókòó ni. Mi ò mọ ìdí tí ìyẹn fi tù mí nínú, àmọ́ ó tù mí.

Mo bá jẹ́wọ́ fún Ìyá Ológì: ọṣẹ, omi, orí ògiri, gbogbo rẹ̀. Màmá yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Bàbá Sikirú! O bu omi sí ìwé, o tún sá a sóòrùn! Yéè!" Nígbà tó simi, ó béèrè pé, "Ṣé kí eruku ṣá má wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó wo oòrùn, ó wo àwọn ike rẹ̀, ó wá tú ọ̀rá orí itan rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Rárá o, Màmá. Bí eruku bá ti wọ̀ ọ́, kò ṣeé sẹ́ ohun jíjẹ mọ́. Kí lẹ óò fi sẹ́ ògì?"

"Bí a ò bá débẹ̀, ta ni yóò mu ún? Gbà, jàre."

Mo nu eruku inú páìpù ẹ́ńjìnnì kúrò, mo ya ìyókù ìwé kúrò lára fíltà, ó ku irin rẹ̀ tó rí bí agbọ̀n. Mo wé asẹ́ mọ́ ọn nígbà mẹ́rin, mo fi rọ́bà táyà dè é. Ọkọ̀ ò mí rárá. Màmá sọ̀kalẹ̀ wá.

"Èwo lo wé bí ẹni di òkú yìí? Ìṣẹ́po méjì, kí o fà á kó tẹ́. Asẹ́ tó bá nípọn jù, omi ògì gan-an kì í kọjá."

Mo tú u, mo ṣe bó ṣe wí. Lọ́ọ̀rì mí kanlẹ̀, àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́, wọ́n gun ọ̀kadà wọn lọ. A ń rìn jẹ́jẹ́. Ní kìlómítà mẹ́ta mẹ́ta, mo ń dúró, màmá ń gbọn eruku asẹ́ náà kúrò fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ọwọ́ mi ti lọ́ràn.

Oòrùn ṣì wà láàárín ọ̀run nígbà tí a wọ Ìdí-Osè. Aládùúgbò kan fẹ́ sáré lọ mú asẹ́ tirẹ̀ wá. Ìyá Ológì ní ẹ ṣeun, ògì ilé òun, nǹkan òun ni òun óò fi sẹ́ ẹ. Ó wọ inú àpótí rẹ̀, ó fa gèlè funfun kan yọ, tuntun, tó ti tọ́jú láti fi wọlé, ó fi omi ṣan án, ó sì ta á sẹ́nu ìkòkò. Orí ṣíṣí ló fi wọ ilé tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́. Nígbà tí ògì tòrò tán, tí wọ́n sè é, ó ti di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ wa l'Álímọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ń ṣílé, àga àti àtíbàbà ni wọ́n ń háyà. Níbí, olúkúlùkù gbé àpótí ìjókòó àti ife tirẹ̀ wá. Mo mu ife mẹ́ta pẹ̀lú àkàrà. Inú mi dùn débi pé mo bá àwọn ọmọdé fọ abọ́. Ìyẹn ṣeé fọ̀ ṣá.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà pẹ̀lú asẹ́ lára ẹ́ńjìnnì títí dé Ìgándò. Mẹ́kánìkì mi tú u, ó ki ìka bọ inú páìpù ẹ́ńjìnnì, ó fà á yọ, ìka náà mọ́ tónítóní. Asẹ́ ní tirẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ojúbodè Ìdí-Osè. Mo ra fíltà tuntun lójú ẹsẹ̀. Mo wọ ọjà Ìkòtún, mo ra asẹ́ tuntun àti gèlè funfun tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo dì wọ́n pọ̀. Èmi fúnra mi ni n óò gbé wọn lọ.

Nígbà tí mo délé, mo gbé asẹ́ àtijọ́ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo lọ wẹ̀. Bí mo ṣe jáde, ìyàwó mi ti pọn omi sínú bàsíà, ọṣẹ ti hó, ó ti mú asẹ́ náà dání.

"Má fi omi kàn án o!"

"Kí ló dé tí ẹ ń pariwo, Bàbá Sikirú? Ìdọ̀tí ṣá ni."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ́ńjìnnì mi ni gbogbo rẹ̀ ìbá wọ̀, asẹ́ màmá yẹn ló gbà á dúró."