Òpó Tí Kò Nílé

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi gan-an, bí ẹnìkan bá sọ ọ́ fún mi, màá bi í pé kí ló mu. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe: ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tú aṣọ ẹtù kúrò nídìí wọn nínú yìnyín Toronto, wọ́n sì ró o fún igi gbígbẹ́ kan. Ṣòkòtò bàbá mi tí wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ nítorí òtútù ni ò jẹ́ kí ìtìjú pa mí tán.

Igi náà ga ju ilé alájà kan lọ. Iwájú ilé ìkàwé àdúgbò wa ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì èrò tó ń gbé wa lọ síléèwé mi. Kannakánná wà lókè rẹ̀, béárì láàárín, ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tó lanu sílẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láràárọ̀, ìyá àgbà á wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀.

"Òpó rèé. Ilé tó gbé dúró wá dà?"

Mo ka pátákó ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wọn: àwọn Tlingit, ọmọ onílẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, ló gbẹ́ ẹ, àmì ìdílé sì ni àwọn ẹranko náà.

"Oríkì nìyẹn," ni wọ́n wí. "Wọ́n kàn fi àáké kì í ni."

Ọmọ Òpómúléró ni ìyá. Nílé wọn, bí olórí ẹbí bá kú, àgbà obìnrin ilé ló ń daṣọ bo òpó iwájú ilé, aṣọ náà á sì sùn síbẹ̀ di àárọ̀. Bí wọ́n bá tú u kílẹ̀ tó mọ́, ìhòòhò ni òkú lọ.

Lọ́jọ́ náà, mo ti iléèwé dé, mo bá ìyá lórí àga, fóònù ṣì wà létí wọn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, olórí ẹbí, ti kú, wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé. Ìyá ti bi ọmọ olóògbé pé ta ló daṣọ bo òpó. Ó ní, "Màmá, òpó wo? A ti wó o nígbà tá a ń kọ́ fúláàtì."

Ìyá ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Wọ bàtà rẹ."

Aṣọ ẹtù ò tó igi yẹn í bò. Àyà ọ̀pọ̀lọ́ ló mọ. Gáàdì ilé ìkàwé sáré jáde, ó ní ká tú u kíá, nǹkan ìjọba ni. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti ilé lọ́hùn-ún wá.

"Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ fún wọn."

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà wo igi láti òkè délẹ̀. "Èwo nínú wọn?"

Ìyá fara balẹ̀ wò ó. "Ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń lanu nìyẹn tí mo bá ti ń bá wọn jà."

Gáàdì rẹ́rìn-ín, ó gbọn yìnyín kúrò ní fìlà rẹ̀. Ó ní títí òun á fi ṣíwọ́ láàárọ̀, òun ò rí nǹkan kan.

Mo ti ju ọjọ́ orí gáàdì yẹn nígbà náà lọ báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí ní Bolton, lẹ́yìn Toronto, ni mo ti ń gbé páálí, ibẹ̀ sì ni ìròyìn ikú ilé ti máa ń bá mi, nígbà tí wọ́n bá ti sin ẹni náà tán. Mi ò ní òpó, mi ò ní ẹtù. Òtútù kan ni mo ní, ní itan ọ̀tún, tó máa ń jí bí fóònù bá ti dún báyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tá a daṣọ bo igi ni mo ti kó o. Aṣọ ti gan bí pákó. Ìyá fi èémí ẹnu yọ́ ibi tí wọ́n ta ní kókó, wọ́n tú u, ó sì dúró roboto fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e mọ́yà wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan tiwọn àti tèmi. Bọ́ọ̀sì gbóná. Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ rọ̀, tó wó lé wa lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá tó sunkún.

Omi aṣọ náà rin ṣòkòtò mi gbingbin. Ní kíláàsì, olùkọ́ rọra bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé ṣé mo tọ̀ sára ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ì bá gba èyí tó kù gbọ́?