Àwọn Fọ́tò Kòkó Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kò Gbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ni mí n'Íkẹ̀rẹ́, mo sì ń kàwé gboyè másítàsì lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni pé kí kọ̀ǹpútà lè wo fọ́tò kòkó gbígbẹ, kó sọ èyí tó dára àti èyí tó ti hu nítorí ọ̀rinrin. Èmi kọ́ ni mò ń kọ òfin tó ń fi yà wọ́n o. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń hun ọ̀pọ̀ puroogíráàmù kéékèèké, á dán wọn wò, á ju àwọn tó kùnà nù, á sì da àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ kí wọ́n jọ bí tuntun, bí ẹni ń sin adìẹ.

Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó n'Ígbàrà-Odò, ni wọ́n bá mi yẹ kòkó inú àwo kọ̀ọ̀kan wò kí n tó ya á ní fọ́tò. Ta ló mọ kòkó jù wọ́n lọ? Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo kọ sílẹ̀, òun ni mo sì fi ń máàkì àwọn puroogíráàmù náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń falẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni láptọ́ọ̀pù mi máa ń fi ṣe é, àwọn puroogíráàmù yẹn á sì máa gùn, wọ́n á máa sanra lásán. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n máa gé máàkì èyí tó bá gùn jù, kí n sì yéé fi gbogbo fọ́tò dán wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ lára fọ́tò ni kí n máa lò nígbà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn fọ́tò tí wọ́n ń ṣì jù máa padà wá léraléra. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta parí kí oòrùn tó wọ̀.

Àmọ́ àwọn fọ́tò kan wà tí kò sí puroogíráàmù kankan tó gbà pẹ̀lú Bàbá lórí wọn. Mo ti fẹ́ yọ wọ́n dànù kí èsì mi lè dán. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò wọ́n ná.

Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkó tó hu funfun báláú wà níbẹ̀, Bàbá sì ní ó dára! Etí àwo ni gbogbo èyí tó hu tí Bàbá ò rí wà. Kò sí ọ̀kan láàárín.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ takisí lọ bá Bàbá. Wọ́n jókòó síta, mo gba ẹ̀gbẹ́ òsì wọn yọ. Wọn ò mọ̀ pé mo ti dé títí mo fi kí wọn. Wọ́n ta gìrì.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí ẹ̀gbẹ́ dáadáa?"

Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọlu ẹnu ọ̀nà ulé. Mi ò fẹ́ kí ẹ ní kí n má lọ sóko mọ́ ni."

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó ní àrùn gìlókómà ni, pé ó ti ń jẹ ojú wọn láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sáàárín, láìdùn wọ́n rárá. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń kán oògùn déédéé, a lè rí èyí tó kù dì mú. Ó bi mí pé báwo la ṣe tètè mọ̀. Mo fi àwọn fọ́tò kòkó náà hàn án.

Bàbá ṣì ń lọ sóko, àbúrò mi obìnrin ló ń bá wọn rìn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí èsì kan ò bá bá ohun tí a gbà gbọ́ mu, ẹ má yára pa á rẹ́. Eré tí mò ń sá, díẹ̀ ló kù kó mú mi kọjá lára bàbá tó bí mi. Ẹ mú àwọn òbí yín lọ fún àyẹ̀wò ojú, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ń ríran.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ òòjọ́ yín ti tú fó fún yín nípa ará ilé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.