Oúnjẹ Tí Wọ́n Gbé sí Oríta

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀ pé nígbà tí Ìjàyè fọ́, tí àwọn ogúnléndé ya wọ Abẹ́òkúta, ìjọ wa ló bọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. A gbé oúnjẹ jáde lóòótọ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni wọn kì í dárúkọ. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn mi bó ti yẹ. Wọ́n rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Sàró. Wọ́n kọ́ mi ní Látìn, wọ́n sì kọ́ mi bí a ti í gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kí alátakò má rí ibi dì mú. Láti ọjọ́ tí mo ti padà sílé wá ṣe tíṣà ìjọ, kò sí ẹni tó bá mi sọ Látìn rí. Èkejì ni mò ń lò, òun náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n pè mí síbi àsè.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Odò Ògùn ti fà títí àpáta inú rẹ̀ fi yọ ẹ̀yìn síta, ìsun omi abẹ́ òkè sì ti di ẹrẹ̀. Àwọn ogúnléndé tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ odi, nítòsí ẹnu bodè, ilé mi kò sì jìnnà síbẹ̀. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rí oríta tí ọ̀nà bodè ti pín, ọ̀kan gba odò lọ, èkejì gba ọjà.

Ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi. Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ ọwọ́ kan dání. Ọmọ náà a máa la ẹnu bí ẹni fẹ́ ké, ohùn kò ní jáde.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá. Kí ló dé tí ọmọ yìí kò sunkún?"

Ó ní, "Ohun tí yóò fi sunkún ni kò sí nínú rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá jẹ, tó mu, ọyàn á lómi. Bí ọyàn bá lómi, ọmọ á ké. Ẹkún rẹ̀ ni mo jókòó dè."

"Ẹ wá jẹun nílé wa."

"Á gba ibi ire o."

Mo tún pè é. Ó tún ní á gba ibi ire. Nígbà tí mo fẹ́ fi agídí mú un, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, abà èmi àti ọkọ mi ní Ìjàyè bọ́ ènìyàn bíi tìrẹ yó. Mi ò ní nǹkan tí n ó fi lé ọ lọ́wọ́. Mi ò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ jẹ, mi ò sì ní kọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó."

Gbogbo àgọ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, ojú sì ń tì wọ́n, ìtìjú ló sì lágbára jù. Mo lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ. Ìyẹn ni wọn kò dárí rẹ̀ jì mí, pé láti ẹnu mi ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ oníṣòwò tó ti Sàró bọ̀ bíi tèmi. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, òkè òkun ló dàgbà sí, ó sì ń wọ Yorùbá bí ẹni wọ aṣọ àyálò. Fìlà dúdú gíga ni í dé nínú oòrùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìtìjú ni, ọ̀nà wà. Kí ẹni tó ń gbà má rí ojú ẹni tó ń fún un. Wọ́n ní kí a ra ìkòkò tuntun, nítorí kò yẹ kí a fi ohun èlò àlòkù tọrẹ. Wọ́n ní kí á fi aṣọ funfun bò ó, nítorí eṣinṣin. Ẹ̀kọ tí a fi àgbàdo ọ̀nà Wásinmi ṣe ni yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkàrà, kí epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwo kékeré. Kí a gbé e sí oríta, níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Kí a gbé e ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn tó bá gbé e kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, wọn kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Mo nawọ́. Wọ́n ní kí n dúró kí a kọ́kọ́ gbàdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, gbogbo wọn lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láti wo ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn ogúnléndé jáde, wọ́n rí ìkòkò náà, wọ́n dúró gbọnrangandan. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan ta ìka yípo orí ara rẹ̀, ó ní ti ẹni tó gbé e ni yóò jẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Háà! Kí la fi ṣe wọ́n? Ibi tó wà nínú ìlú wọn ni wọ́n fẹ́ kó lé wa lórí."

Àwọn ará ìlú gan-an kò gba oríta náà mọ́. Ẹ̀yìn ilé mi ni wọ́n ń gbà lọ sódò, wọ́n sì tẹ ilá tí mo gbìn mọ́lẹ̀. Mo kà á kún ẹ̀sùn náà. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ewúrẹ́ dé. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ padà wá, tí wọ́n bá ìkòkò lófìfo, wọ́n yin Ọlọ́run, wọ́n sì fi kún oúnjẹ náà.

Mo lọ bá alága. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága. Ewúrẹ́ ló ń jẹ oúnjẹ yín."

"Tíṣà, ẹ ti dé. Kí ló tún kù tí kò dáa láyé?"

"Ẹbọ ni ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ jọ."

"Ẹbọ kẹ̀? Èmi tí mo gbàdúrà sí i kó tó jáde nílé!"

"Wọn kò gbọ́ àdúrà yín. Ìkòkò tuntun ni wọ́n rí, aṣọ funfun, epo, oríta, ẹni tó gbé e kò wẹ̀yìn. Adósùú òrìṣà gan-an kò lè ṣe é jù báyìí lọ."

Ó bọ́ fìlà. Mo rò pé ó ti gbà. Ó ní, "Nígbà náà, a kò gbọdọ̀ gbé e kúrò. Bí a bá gbé e, á jẹ́ pé a ti gbà pé Èṣù ló ni oríta. Ẹ fẹ́ kí n gbé oríta fún Èṣù?"

"Ewúrẹ́ lẹ gbé e fún."

"Ìwé ti pọ̀ jù lórí yín, Tíṣà. Ẹ kú ilé."

Lọ́nà ilé mo kọjá lábẹ́ ọdán. Ọmọ náà kò la ẹnu mọ́. Ojú nìkan ló ń là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun tí mo rò pé ó bá ọgbọ́n mu. Mo lọ jókòó sí oríta lójú gbogbo ènìyàn, mo ṣí aṣọ funfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí wọ́n bá rí i pé mo jẹ ẹ́ tí n kò kú, àríyànjiyàn parí. Wọ́n péjọ lókèèrè. Mo ti ń bu ẹ̀kọ kejì nígbà tí ìyá àgbà dìde lábẹ́ ọdán tó ń bọ̀. Ó rìn yí oríta ká, kò tẹ ibẹ̀.

"Dìde níbẹ̀! Ọmọ mi, ṣé ebi ń pa ọ́ tó báyìí ni?"

"Ìyá, ebi kò pa mí."

"Dákẹ́. Mo ti ń wò ọ́ bó o ti ń rìn kiri tó ò ń bá gbogbo ènìyàn jà. Mi ò mọ̀ pé ebi ni."

Ó tú etí aṣọ rẹ̀. Ègé iṣu sísun kan wà níbẹ̀, ó ti le bí igi. Mo mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ó nà án sí mi.

"Jẹ ẹ́. Má jẹ ti ẹlòmíì mọ́."

Ó dúró títí mo fi gbé e mì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ náà, títí di òwúrọ̀ yẹn, oúnjẹ àánú kan ṣoṣo tó wọ ẹnu ènìyàn ni èyí tí ogúnléndé fún tíṣà tí ìjọ ń sanwó fún.

Bí iṣu náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni orí mi pé.

Mo ní, "Ìyá, mo ti jẹ iṣu yín."

"O ti jẹ ẹ́."

"Ṣé kí n wá nu ẹnu kí n máa lọ? Kí wọ́n máa sọ pé ará Ẹ̀gbá jẹ iṣu àlejò, kò fún un ní nǹkan kan?"

Ó ní, "Ẹ̀tàn ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fún mi. Mi ò tọrọ."

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ké sí ọmọbìnrin rẹ̀ pé, "Gbé ọmọ rẹ dìde. Aláròyé yìí fẹ́ fún wa lóúnjẹ, kò ní jẹ́ ká sinmi."

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi bu omi tútù sínú igbá, ó tọ́ ọ wò lójú wọn, ó kúnlẹ̀ gbé e fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà fẹnu kàn án, ó gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mu ún títí igbá fi dojú dé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ ẹ̀kọ gbígbóná.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń dúró de àwọn agbẹ́rù ìjọ lọ́nà oríta, tí mo ń yí ẹrù wọn sí ilé mi. Kò sí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfìfo láti àgọ́. Ẹlòmíì mú igi ìdáná wá, ẹlòmíì mú ewé, ẹlòmíì iyọ̀ ìwọ̀n tí ìka lè bù. Ọkùnrin kan mú òkúta wá, ó ní ó dára fún ààrò. Mo gbà á. Ó dára fún ààrò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, alága dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìkòkò oríta ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ débi pé a kò nílò rẹ̀ mọ́. Mo dìde láti takò ó. Gbogbo ìjọ dìde pẹ̀lú mi, wọ́n rò pé orin ló kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò nínú àgbàlá, ni igbe kan bá ta lábẹ́ ọdán. Igbe náà kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ kò gbọ́ ohùn mi, èmi náà kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Ìyá, ọmọ yín ń pariwo."

Ó ní, "Ó ń pariwo. Lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀."

N kò tí ì lọ.