Ìjókòó Keje

Ìjókòó ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe jẹun. Bí fóòmù ìjókòó rẹ bá ti tẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ya, tí irin inú rẹ̀ ń gún ọ nídìí, òun ni wàá gbé e lọ bá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Oníjókòó. Ẹ wá gbọ́ irọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí pa: ó ní ìjókòó kan bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òun, òun ò sì ráyè tún un ṣe.

Ọkọ̀ náà gbòòrò, èèyàn méje ló ń gbà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa jókòó níwájú, ọmọ mẹ́ta láàárín, àbíkẹ́yìn obìnrin àti ìyá Oníjókòó lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ti dábàá rí pé kí ìyá bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òun gùn, ẹ̀yìn ò gba òun. Nígbà tí Oníjókòó ra ọkọ̀ yìí, inú ìyá ló dùn jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti máa ń lọ kí àwọn àna ní Sátidé, ara rẹ̀ ò sì le. Wọ́n á já ìyá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà méjèèjì á jókòó ti ara wọn dìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa bú àwọn èèyàn tó ti kú tipẹ́.

Ìtọ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ìyá kì í lè mú un mọ́ra. Wọn ò ní tíì rìn jìnnà tí á fi bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ àárín á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ká ìjókòó tiwọn síwájú, kí ìyá tó rọra fà jáde. Ká tún tó dá a padà sáyè rẹ̀, wàhálà mìíràn ni. Oníjókòó á máa kanra, á máa wo aago. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúkú tú ìjókòó ìyá nídìí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní irin rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ìyá ò jiyàn. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹ̀gbọ́n òun. Bí Sátidé bá ti dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè bóyá ìjókòó náà ti yá, ọmọ rẹ̀ á sì ní iṣẹ́ oníbàárà ló pọ̀. Lóòótọ́, ìrìn-àjò náà wá yá, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ Oníjókòó nínú mọ́. Àlàfo tó wà lẹ́yìn kì í kúrò nínú dígí tó fi ń wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé òun ń hùwà ìkà, kò sì dá a dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan dìde, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá jókòó, ó tú ìró kan lórí itan.

"Mo rò pé bóyá aṣọ tí o máa fi bò ó ni ò sí," ló wí. "Mo mú ọ̀kan nínú tèmi wá. Ó ṣì nípọn."

Ibi tó ti ń ká ìró náà ló ti rí ẹja tí àbíkẹ́yìn fi bírò yà nígbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó inú ọkọ̀, lára èyí tó jókòó lé gan-an. Ó fọwọ́ pa á. Ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

"Ó lágbára," ló wí. "Kò mì rárá."

Oníbàárà náà ní bẹ́ẹ̀ ni o, orí ẹ̀ lòun máa ń jókòó dúró de iṣẹ́ òun. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, tayọ̀tayọ̀ ni Oníjókòó ì bá fi kó sínú rẹ̀.  Ìyá gbé ìró náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì lọ sílé.

Ọjọ́ yẹn náà ni Oníjókòó rán ìró náà bo ìjókòó, tó sì dè é padà sínú ọkọ̀. Nígbà tó di Sátidé, ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níwájú fún ìyá, ìyá ní rárá, ibi tí wọ́n tún ṣe fóun lòun fẹ́. Wọ́n gbéra. Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti máa ń dúró, wọ́n kọjá èkejì, ìyá ò béèrè ohunkóhun. Oníjókòó ń wò ó nínú dígí.

"Ìyá mi, ṣé ká dúró?"

"Rárá. Máa lọ."

Àbíkẹ́yìn ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ìyá àgbà ò mu omi látàná," ló wí. "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Oníjókòó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní káwọn ọmọ àárín bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká ìjókòó wọn síwájú, ó sì na ìgò omi sí ìyá rẹ̀. 

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu ún. Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ ni màá dúró."

Ìyá gba omi náà, ó gbé e lé itan láìṣí i.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ná," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí ìjókòó yìí tún bàjẹ́."